Láti Àníìnì dé Ẹ̀rọ POS: Ìtàn Òfin Owó àti Oníṣòwò Kékeré ní Àkókó



Ọ̀rọ̀ owó ni a mú wá síwájú yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkówójọ. Ọ̀rọ̀ òfin ni. A fẹ́ kí a jọ wo bí òfin àwọn aláṣẹ, láti ayé àwọn òyìnbó títí di ọjọ́ tiwa, ti ṣí ọ̀nà fún oníṣòwò kékeré láti lo ohun èlò titun, àti bí òfin ti dí ọ̀nà náà mọ́ ọn nígbà mìíràn.

Ẹni tí ó bá ń ti Ùgbè lọ sí Ìkàrẹ́ lónìí yóò rí i lẹ́bàá títì: agboòrùn kan, tábìlì kékeré kan, àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó mú ẹ̀rọ pélébé dání. Ìyá elélùbọ́ dúró níwájú rẹ̀, ó fẹ́ gba owó tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Èkó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Ọ̀kà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí ní Àkùngbá, níbi tí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹ̀rọ yìí ṣàdédé dé ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ni ó jẹ́ kí ó wá, òfin ni ó mú kí ó pẹ́ kí ó tó dé, òfin ni ó sì lè sọ ọ́ di ohun tí apá tálákà kò ká mọ́.

I. ÀNÍÌNÌ

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí a padà sí owó ẹyọ. Owó ẹyọ ni àwọn baba ńlá wa fi ń ná ọjà. Ogójì ni a ń sín sórí okùn kan; àádọ́ta okùn ni ó di ẹgbàá; ẹgbàá mẹ́wàá ni ó sì di ọ̀kẹ́ kan. Ọ̀kẹ́ kan tó ẹrù tí ń mú ọrùn sú ẹni tí ó rù ú. Síbẹ̀ owó yìí ní àǹfààní kan tí ọlọ́rọ̀ kì í sábà rò: ó kéré. Ẹni tí ó fẹ́ ra ata díẹ̀ rí owó tí ó bá ata díẹ̀ mu.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó fẹ́ kí ṣílè àti kọ́bọ̀ di owó ilẹ̀ yìí, wọ́n fi òfin dá kíkó owó ẹyọ wọlé dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ṣùgbọ́n wọn kò pẹ́ rí i pé òfin nìkan kò lè sọ ọjà di titun. Kọ́bọ̀ ayé ìgbà náà, èyí tí méjìlá rẹ̀ jẹ́ ṣílè kan, tóbi jù fún ẹni tí ń ta ata. Nítorí náà ní 1907 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àníìnì, tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan ṣoṣo. A sì lu ihò sí i láàárín, tí ó fi jẹ́ pé a lè sín in sórí okùn gẹ́gẹ́ bí a ti ń sín owó ẹyọ. Ní 1912 ni a dá ìgbìmọ̀ tí ń mójútó owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, owó náà sì tàn ká gbogbo ilẹ̀ tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní apá ìhín.

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará. Àṣẹ tí ó wí pé, Ẹ fi owó ẹyọ sílẹ̀, kò tó. Ohun tí ó mú kí olóúnjẹ àti aláta gba owó titun ni pé a gé owó náà sí ìwọ̀n ọwọ́ wọn. Ẹ̀kọ́ kìíní inú ìtàn wa nìyí, àwa yóò sì tún pàdé rẹ̀ níwájú: ohun èlò titun kì í wọ ọjà àfi bí ó bá kéré tó ẹni tí ó kéré jù níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì jẹ́ ti àkókò. Kò sí ètò ńlá tí a fi gba owó ẹyọ padà lọ́wọ́ àwọn tí ó ní i. Ẹni tí ó ti kó ọ̀kẹ́ jọ sínú àjà rí i bí ọrọ̀ rẹ̀ ti ń di ohun ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan mànílà, òrùka idẹ tí ó dà bí bàtà ẹṣin tí àwọn ará ìlà-oòrùn Nàìjíríà ń ná, ìjọba ti kọ́gbọ́n. Láti oṣù kẹwàá 1948 títí di oṣù kẹta 1949, oṣù mẹ́fà gbáko, a ń gba mànílà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, a sì ń fi owó ìjọba rọ́pò rẹ̀. Iye tí a gbà ju 30,000,000 lọ. Ìjọba àmúnisìn ni, kì í ṣe ti àwọn ènìyàn. Síbẹ̀ ó fún ìyá ọlọ́jà ní oṣù mẹ́fà láti mú ohun ìní rẹ̀ wá.

Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1959. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ titun rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè. Nítorí pé ṣílè mẹ́wàá géérégé ni náírà kan, ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè ṣírò rẹ̀ lórí ìka ọwọ́.

II. FÓÒNÙ

Láti orí owó ni a ó bọ́ sórí fóònù, nítorí pé ní ọjọ́ tiwa, fóònù ni owó ń gbà rìn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ṣoṣo, NITEL, tí a dá sílẹ̀ ní 1985, ni ó ń ta fóònù fún ará ìlú. Ní gbogbo Nàìjíríà, iye fóònù kò tó 1,000,000 títí di 2001. Ẹni tí ń ta kòkó ní Àkókó tí ó fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń rà á ní ìlú ńlá ní láti wọ ọkọ̀ lọ béèrè, tàbí kí ó gba iye tí alágbàtà bá dá fún un. Òfin ni ó ti ilẹ̀kùn náà, nítorí pé kò jẹ́ kí ẹlòmíràn tà.

Òfin náà ni ó sì ṣí i. Ní 1992 ni a fi òfin dá àjọ NCC sílẹ̀ láti máa ṣàkóso iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀. Ní oṣù kìíní 2001, àjọ yìí fi ìwé àṣẹ fóònù alágbèéká sí gbàǹjo ní gbangba, iye tí a ta ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 285,000,000 dọ́là. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun ọlọ́lá ni: ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún náírà ni a fi ń ra ìlà kan, gbogbo ìṣẹ́jú ni a sì ń san owó rẹ̀ lódidi, ìbáà ṣe pé ọ̀rọ̀ méjì péré ni ẹni náà sọ. Ṣùgbọ́n ní 2003 Globacom wọlé, ó sì ń gba owó gẹ́gẹ́ bí ìṣẹ́jú-àáyá tí ènìyàn lò. Àwọn yòókù kò rí ibi yẹ̀ ẹ́ sí. Àwọn náà tẹ̀lé e.

Àníìnì ni ó tún dé yìí. A ti gé ìṣẹ́jú sí wẹ́wẹ́ bí a ti gé kọ́bọ̀ sí wẹ́wẹ́, ìyá tí ń ta ẹ̀fọ́ sì rí èyí tí ó bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Kì í ṣe pé àjọ NCC pàṣẹ pé kí olúkúlùkù ra fóònù. Ohun tí ó ṣe ni pé ó jẹ́ kí àwọn tí ń tà pọ̀, kí wọ́n sì máa du oníbàárà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

III. ILẸ̀KÙN TÍ Ó PẸ́ KÍ Ó TÓ ṢÍ

Ní oṣù kẹta 2007, ilé-iṣẹ́ fóònù kan ní Kẹ́ńyà, Safaricom, gbé ètò kan jáde tí a ń pè ní M-Pesa. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tí kò ní ìwé báǹkì kankan lè fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀. Báǹkì àpapọ̀ ti ibẹ̀ kò ní òfin kankan nílẹ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní àwọn kò lòdì sí i, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ bí ó ti ń dàgbà. Nígbà tí wọ́n ṣe òfin rẹ̀ tán lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n ti rí ni wọ́n fi òfin sí, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù.

Ọ̀nà mìíràn ni Nàìjíríà gbà. Ìlànà tí Báǹkì Àpapọ̀ gbé jáde ní 2009 kò jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fúnra wọn máa ṣe iṣẹ́ owó; ó fẹ́ kí àwọn báǹkì àti àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ó fún ní àṣẹ ṣe é. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ẹni tí ń ṣọ́ owó gbogbo orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ fi í lé ẹni tí apá rẹ̀ kò ká lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn báǹkì wà ní ìlú ńlá, fóònù sì ti dé oko. Ní 2018 ni a tó ṣe ìlànà fún irú báǹkì kékeré tí ilé-iṣẹ́ fóònù lè dá sílẹ̀, ó sì di 2022 kí MTN àti Airtel tó bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó wà láàárín Kẹ́ńyà àti àwa.

A kò gbọdọ̀ ṣe àìṣòótọ́ sí àwọn aláṣẹ wa. Láàárín ọdún wọ̀nyí, wọ́n ṣe òfin díẹ̀ tí ó dára púpọ̀. Ní oṣù kìíní 2013, Báǹkì Àpapọ̀ pín ìwé báǹkì sí ipele mẹ́ta. Ní ipele ìsàlẹ̀, ẹni tí kò ní ìwé iná mànàmáná tàbí ìwé ìrìnnà lè la ìwé báǹkì, bí owó tí yóò wà níbẹ̀ kò bá ti pọ̀ jù. Ní oṣù kejì ọdún náà, wọ́n gbé ìlànà jáde pé oníṣòwò lásán, ìbáà ṣe ẹni tí ń ta oògùn tàbí ẹni tí ń ta búrẹ́dì, lè di aṣojú báǹkì níbi tí ó wà. Òfin méjì wọ̀nyí ni ìyá àti baba ẹ̀rọ POS tí a rí lẹ́bàá títì Ìkàrẹ́. Ìlànà tí ó ní kí a dín owó tí a ń fọwọ́ kà kù sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2012, ó sì kan gbogbo orílẹ̀-èdè ní oṣù keje 2014. Ọdún méjì ni a fi dán an wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Òfin tí ó ṣí ilẹ̀kùn kì í pariwo. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tí ó jáde ilé-ìwé, tí kò rí iṣẹ́, ni ó fi owó kékeré bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aṣojú ní Àkókó, tí kò sì mọ̀ pé ìwé kan tí a kọ ní Àbújá ní 2013 ni ó fún òun ní àga tí òun jókòó lé.

IV. ÀṢẸ ÒJIJÌ

Nísinsìnyí ni a dé apá tí ó nira láti sọ.

Gbogbo wa mọ ìtàn àṣẹ Késárì Ògọ́sítù, tí olúkúlùkù fi lọ sí ìlú rẹ̀ láti forúkọ sílẹ̀, àti bí ìrìn àjò náà ti rí fún aboyún kan. Ìforúkọsílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìjọba ní láti mọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pàṣẹ kì í sábà rí ẹni tí ó rin ìrìn náà. Ní oṣù kejìlá 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ṣì ń jà, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí olúkúlùkù so ìlà fóònù rẹ̀ mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni wọ́n sì kọ́kọ́ dá. Títa ìlà titun dúró láti oṣù náà títí di oṣù kẹrin 2021. A sún ọjọ́ náà síwájú lọ́pọ̀ ìgbà, títí ó fi di oṣù kẹrin 2022 tí a dá ìpè dúró lórí àwọn ìlà tí a kò so. Àǹfààní ńbẹ nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn ajínigbé àti àwọn oníjìbìtì ń fi ìlà aláìlórúkọ ṣọṣẹ́. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí fóònù rẹ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìlà tí ó kú ni ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí a kàn ní ìṣó.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà 2021, ìjọba ti Twitter pa ní Nàìjíríà, kò sì ṣí i títí di ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní 2022. Ìjà àwọn alágbára ni, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tí ń ta aṣọ àti bàtà níbẹ̀ ni koríko tí erin méjì tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Èyí tí ó wá le jù lọ ni ti 2023. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá 2022, Báǹkì Àpapọ̀ kéde pé a ó pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Owó titun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kejìlá. Ọjọ́ tí owó àtijọ́ yóò kú sì jẹ́ ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kìíní 2023, tí a wá sún di ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti ìgbà tí owó titun jáde sí ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dá, kò tó oṣù méjì. Àwọn òyìnbó fún mànílà ní oṣù mẹ́fà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọjà ní oṣù kejì ọdún náà kò nílò pé kí a sọ fún yín. Owó àtijọ́ ti wọ báǹkì, owó titun kò jáde tó. Àwọn tí ó ní ẹ̀rọ POS kò rí owó fún ènìyàn, àwọn tí ó sì rí i ń gba owó orí rẹ̀ tí ó ga. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tí ó fẹ́ 100 náírà fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀. Ẹni tí ó gbìyànjú láti fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù rí i pé owó kúrò lọ́dọ̀ òun tí kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí òun rán an sí, nítorí pé ọ̀nà tí a kọ́ fún ẹsẹ̀ díẹ̀ ni gbogbo orílẹ̀-èdè rọ́ sí lọ́jọ́ kan náà. Tòmátì jẹrà lórí àtẹ nítorí pé olùtà kò gbẹ́kẹ̀ lé fóònù, olùrà kò sì rí owó. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó àtijọ́ máa jẹ́ ìná títí di òpin ọdún náà, àti ní oṣù kọkànlá ó tún sún un síwájú láìdá ọjọ́.

Àwọn kan wí pé àṣẹ náà ṣe rere, nítorí pé oṣù yẹn ni ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà kọ́ bí a ti ń gba owó lórí fóònù. Òtítọ́ ni pé wọ́n kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a jù sódò tí ó sì mọ̀wẹ̀ kò tíì sọ fún wa iye àwọn tí kò jáde. Nígbà tí owó sì padà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a fi ipá kọ́ padà sí ohun tí ọwọ́ lè dì mú. Owó tí ó wà níta báǹkì tún pọ̀ sí i. Ìbẹ̀rù lè kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́, kò lè kọ́ ọ ní ìgbẹ́kẹ̀lé. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìgbẹ́kẹ̀lé ni ìdí gbogbo òwò.

V. ÒFIN TI ÀÌPẸ́ YÌÍ

Ìtàn náà kò tíì parí. Ní oṣù karùn-ún 2024, àjọ CAC, tí ń forúkọ òwò sílẹ̀, ní kí gbogbo aṣojú tí ń lo POS wá forúkọ sílẹ̀. Ọjọ́ keje oṣù keje ni a kọ́kọ́ dá, a sì sún un di ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, Báǹkì Àpapọ̀ fi ìwọ̀n sí i: oníbàárà kan kò gbọdọ̀ gbà ju 100,000 náírà lọ lójúmọ́ lọ́wọ́ àwọn aṣojú, aṣojú kan kò sì gbọdọ̀ san ju 1,200,000 lọ. Ní oṣù kẹwàá 2025 ìlànà mìíràn jáde, tí ó ní kí aṣojú dúró ní ojú kan tí ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì dá ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2026 fún un láti máa sìn ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo.

A kò ní wí pé gbogbo èyí burú. Olè ti lo ẹ̀rọ yìí láti fi gba owó ẹni tí a jí gbé, àwọn oníjìbìtì sì ti fi tan arúgbó jẹ. Bí aṣojú bá ní orúkọ àti ojú ibi tí a lè bá a, ẹni tí a rẹ́ jẹ mọ ibi tí yóò lọ. Ìdí tí òfin Mósè fi dẹ́bi fún ìwọ̀n èké nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mú òfin ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo wá sí Ùgbè. Aṣojú ọlọ́gbọ́n a máa ní ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta. Kì í ṣe ojúkòkòrò. Nítorí pé bí ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan bá dí lọ́jọ́ ọjà, yóò fi èkejì ṣiṣẹ́. Ní Èkó, bí aṣojú kan kò bá lè sanwó, òmíràn ńbẹ ní ìkọjá títì. Ní abúlé tí aṣojú kan ṣoṣo wà, bí ẹ̀rọ rẹ̀ kan ṣoṣo bá kọ̀, ìyá elélùbọ́ yóò wọ ọ̀kadà lọ sí Ìkàrẹ́, yóò sì fi owó ọkọ̀ san gbèsè òfin tí kò mọ̀ pé a ṣe. Òfin kan náà ni. Ẹrù tí ó gbé lé ẹni méjì kò dọ́gba.

VI. OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA

Kí ni ìtàn yìí kọ́ wa? Ó kọ́ wa láti bi gbogbo òfin titun ní ìbéèrè mẹ́ta. Ǹjẹ́ ó gé ohun èlò náà sí ìwọ̀n ọwọ́ ẹni tí ó kéré jù, bí àníìnì ti ṣe? Ǹjẹ́ ó fún un ní àkókò, bí a ti fún ẹni tí ó ní mànílà? Ta ni yóò sì ru ẹrù rẹ̀, alágbára tí apá rẹ̀ ká a, tàbí ẹni tí ó jókòó sábẹ́ agboòrùn? Òfin tí ó dáhùn dáadáa, àwọn ènìyàn yóò sáré bá a láìsí pé a lé wọn. Òfin tí kò dáhùn dáadáa, bí a tilẹ̀ fi ẹ̀wọ̀n bá a rìn, àwọn ènìyàn yóò padà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ìbẹ̀rù bá kọjá.

Iṣẹ́ sì ńbẹ fún ìjọ. Àwa ni a kọ́ ìwé kíkà ní ilẹ̀ yìí; ẹ má ṣe jẹ́ kí ó parí sí orí ìwé orin. Nígbà tí ìkéde bá jáde láti Àbújá, ó yẹ kí ẹnì kan nínú ìjọ kà á, kí ó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí ìyá wa gbọ́, kí ọjọ́ tí a dá tó kọjá. Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wa tẹ̀lé àwọn arúgbó lọ forúkọ sílẹ̀, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà kọ̀wé sí àwọn aṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀, kí wọ́n sọ bí òfin ti rí lẹ́sẹ̀ òkè Àkókó, nítorí pé ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Àwọn tí ń ṣòfin kì í ṣe ọ̀tá wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì dúró lẹ́bàá títì Ùgbè rí ni.

Lọ́la, nígbà tí ẹ bá ń kọjá lọ sí Ìkàrẹ́, ẹ wo ọ̀dọ́mọbìnrin abẹ́ agboòrùn náà dáadáa. Ẹ kí i. Ẹ bi í léèrè bóyá ó ti gbọ́ ìlànà titun, àti bóyá ó ti forúkọ sílẹ̀. Bí ó bá wí pé òun kò gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ni kí ẹ jókòó tì í.